Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò, Ó Ku Ti Sinimá

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara gbúnra. Òwe àgbà ni, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn òṣèré tíátà ló ń pa á jù. Tí oṣù Ọ̀pẹ bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí akọ̀ròyìn bi wọ́n pé ṣé fíìmù tó fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà kò ti pọ̀ jù, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní kò síjà, kò síta, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò. Ẹni tó ti gba gbogbo gbọ̀ngàn tán ni òwe náà sì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ jù.

Ó dájú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò wọ sinimá rí. Ojú ọ̀run tirẹ̀ kò ní òrùlé, kò ní mánéjà, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ti sinimá ní ìwọ̀nba gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba fíìmù tó lè gbà lójúmọ́. Tí ẹyẹ ńlá bá ti na ìyẹ́ bo aago kan, aago mẹ́ta, aago márùn-ún àti aago méje, wọn á wá fa ẹyẹ kékeré sí kọ̀rọ̀: “Ìwọ, wá fò ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

Ta ló ń wo sinimá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ará Ìgàndò ní Alímọ̀ṣọ́ wa tó bá fẹ́ wò ó ní Ìkẹjà á ti wà ní ibùdókọ̀ láti aago méje. Á wọ dánfó dé Ìyànà Ìpájà, á wọ òmíràn dé Ìkẹjà, kọ̀ńdọ́ á sì fún òun àti àjèjì kan ní ẹgbẹ̀rún kan náírà pé kí wọ́n lọ pín in. Kí wọ́n tó rí ẹni ṣẹ́ ẹ, fíìmù ti dé ìdajì. Tí kò bá jẹ́ àárọ̀, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ ni wọn á fún un. Ará Ìgàndò tó bá jáde láàjìn ní Ìkẹjà, fíìmù mìíràn ló fẹ́ lọ ṣe lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá di Ọjọ́rú, mánéjà á ka èrò, á rí ènìyàn mẹ́ta, á mirí: “Ẹ ò rí i? Aráyé ò fẹ́ràn ẹ̀.” Fíìmù tó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì ti di ẹni àná nìyẹn.

A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní ìparí ọdún 2023 pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ní sinimá. Everybody Loves Jenifa tó gbé jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e tún kọjá ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí fíìmù Amẹ́ríkà ti fi jẹ gàba lórí wa, ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú Kérésìmesì 2023 yẹn náà ni Tóyìn Abraham figbe ta lórí ayélujára nítorí bí àwọn sinimá kan ṣe ń ṣe fíìmù tirẹ̀, Malaika. Tóyìn kì í ṣe ológoṣẹ́ o, àṣá ni. Bí àṣá bá ń sunkún àyè, kí ni ká ti gbọ́ lẹ́nu ológoṣẹ́ tí kò lówó ìpolówó, tí kò lérò lẹ́yìn lórí Instagram, tí kò sì mọ ijó ìpolówó jó?

Ẹ má bínú sí mánéjà jù. Jẹnẹrétọ̀ kì í mu àánú, dísù ló ń mu. Fúnkẹ́ náà kò jalè, iṣẹ́ ló ṣe. Ìwà òpònú ibẹ̀ ni pé oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún, gbogbo ẹyẹ wá rọ́ lọ sórí ẹ̀ka kan lóṣù tó gbẹ̀yìn, wọ́n ń tu ara wọn níyẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń pa òwe.

Àwọn tó ṣáájú gbọ́n jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Àiyé jáde ní 1979, tí Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, wọn kò jókòó de aago tí ẹnìkan máa fún wọn. Wọ́n gbé fíìmù lọ bá èrò nílùú wọn. Túndé Kèlání náà gbé sinimá alágbèéká kiri Èkó. Sinimá àdúgbò ńkọ́? Ní Agége tó múlé gbè wá, Pen Cinema ti kú tipẹ́. Ẹnu kọ̀ńdọ́ tó ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ nìkan ló kù tó ń polówó rẹ̀.

Alímọ̀ṣọ́ ló lérò jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbí, bẹ́ẹ̀, ìjọba Èkó ti pín wa sí mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, gbọ̀ngàn àríyá kún fọ́fọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ń wọ aṣọ ẹbí náwó níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, eku ló ń ṣe àríyá nínú wọn. Aṣọ funfun kan lára ògiri, ẹ̀rọ agbáwòrán kan, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí owó ọjà kò ní pariwo lé lórí, ó parí. Ẹ gbé fíìmù kékeré yín wá. A lè má lówó ọkọ̀ Ìkẹjà, a ò ṣàì lówó gúgúrú.