Ẹ Má So Òkè Mọ́ Ìsàlẹ̀

Ẹ̀yin Agbani-nímọ̀ràn, mo ní rélùwéè kékeré lórí tábìlì nínú yàrá kan nílé mi ní Ajah. Mo fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, kí ọkọ̀ lè máa gòkè, kó máa sọ̀. Káfíńtà ní ó ṣeé ṣe, ìyàwó mi ní kò ṣeé ṣe. Ta ni kí n gbọ́?

Ìyàwó yín ni, ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ó mọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò le kọ́. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ló le. Ọkọ̀ ìwọ̀n HO, tó jẹ́ ìdá kan nínú 87 ọkọ̀ gidi, kì í fẹ́ gun ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ nínú mítà kan ojú irin. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì á máa yí lójú kan, àwọn tó so mọ́ ọn lẹ́yìn á máa fà á padà. Bí àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ bá sì máa tó sẹ̀ǹtímítà 40, kí ọwọ́ lè ráyè wọlé gbé ọkọ̀ tó bá yẹ̀, mítà 20 ni ojú irin tí yóò gùn ún. Yàrá wo l'Ajah ló gùn tó bẹ́ẹ̀, àfi ti ẹni tí kò nílò ìmọ̀ràn wa? Ni káfíńtà bá ní kẹ́ ẹ lọ́ ọ bí ìkarahun ìgbín. Bí àárín rẹ̀ sí etí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, yóò yí ju ìgbà 5 lọ, ìyípo kan ò sì ní í fi sẹ̀ǹtímítà 8 ga ju èkejì. Ọ̀rinrin òkun lápá kan, ti ọ̀sà lápá kejì: pákó á wú, á tẹ̀, orí ọkọ̀ á máa gbá pákó ìyípo tó wà lókè rẹ̀.

Ẹ kọ́ òkè, ẹ kọ́ ìsàlẹ̀, ẹ má so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ẹ́ ní rélùwéè wo nìyẹn? Ti Èkó ni. Blue Line tó ń fi iná mànàmáná rìn, tó ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Marina láti September 2023, kò bá Red Line, tó ń fi dísẹ̀lì rìn láti Agbado dé Oyingbo, pín ojú irin. Èrò ló ń sọ̀ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹ gbé dánfó kékeré méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lókè, kó sanwó. Ẹ pe òkè ní Green Line, èyí tí wọ́n ní yóò ti Marina dé Lekki Free Zone, kẹ́ ẹ fi ṣáájú ìjọba. Àwọn kan á ní adùn rẹ̀ ni kó máa gòkè. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá ń rìn ní ìwọ̀n ohun tó jẹ́ kìlómítà 60 ní wákàtí fún ti gidi, ó ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ tí yóò fi wà nínú ìkarahun yẹn, pákó nìkan ni àlejò yín á sì máa wò.

Ní ti ìyàwó yín, ẹ fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe ibùdó òkè, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Ká wá wo ẹni tí yóò ní kẹ́ ẹ wó o.