Bọ̀dá Pátíkúlà àti Ìwé Tí Ojú Kò Rí

Kò sí ìjọ Yorùbá kan ní Ìlú Ọba tí kò ní irú ọkùnrin yìí. Tí pásítọ̀ bá kéde pé a ó lọ sí ìpàdé ní Birmingham lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn yòókù á máa béèrè oúnjẹ. Òun á dìde, á béèrè pé ọwọ́ ta ni fọ́tòkọ́pì wà. Ìwé ìbí rẹ̀ wà nínú ike. Ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú ike. Rìsíìtì fìríìjì kan tó ti bàjẹ́, tí wọ́n ti gbé jù sí ààtàn láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà wà nínú ike. Bọ̀dá Pátíkúlà là ń pè é tí kò bá sí níbẹ̀. Mo fura pé ó mọ̀, mo sì tún fura pé ó dùn mọ́ ọn nínú.

Ẹ má tètè bú u. Mushin ló ti kọ́ mọ́tò wíwà, nínú Peugeot 504 bàbá rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé gíláàsì iwájú ọkọ̀ ló ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ kí awakọ̀ tó lanu. Wọn kì í bi ọ́ bóyá bírékì rẹ ń mú. "Pátíkúlà ẹ dà?" ni wọ́n ń bi ọ́. Ẹni tí sítíkà tò sára gíláàsì rẹ̀ bí àmì ẹ̀yẹ sáyà ọ̀gá ṣọ́jà á kọjá; ẹni tí tirẹ̀ bá dín ẹyọ kan á fi nǹkan sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní àpò aláwọ kan lábẹ́ síìtì, tí ìwé ọkọ̀ àti Brown Card, káàdì ìbánigbófò ọkọ̀ ti ECOWAS, máa ń wà nínú rẹ̀ de ọjọ́ tó bá fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu. "Ẹ́ńjìnnì lè kú sọ́nà," ni bàbá náà máa ń wí, "ìwé ò gbọdọ̀ kú." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọmọ rẹ̀ gbé wọ bàálù wá sí Ìlú Ọba.

Ìlú Ọba kọ́kọ́ ṣe é dáadáa. Pépà róbótó kan wà tí gbogbo ọkọ̀ ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti fi hàn pé wọ́n ti san owó-orí. Láti 1921 ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2014, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́, kámẹ́rà ni yóò máa ka nọ́ńbà, kí kálukú yọ tirẹ̀ dànù. Bọ̀dá ò dà á nù. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ti rà látìgbà náà, pépà 2014 yẹn sì ti bá a ṣí láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ó ti dé orí ìkẹta báyìí.

Oṣù Kẹjọ 2024 ni ẹsẹ̀ mi bọ́ sínú ọ̀ràn náà. Ọmọ àbúrò Ìyá Dámọ́lá, ìyàwó Bọ̀dá, ń ṣègbéyàwó ní Brescia, ní Ítálì, wọ́n sì ní kí n bá wọn lọ. Bàálù wà, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú bàálù, páásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Kí ni irú ọkùnrin yìí fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó ní a ó wakọ̀ lọ láti Basildon.

Láti ọdún Àjíǹde ló ti ń múra. Láísẹ́ǹsì oníkáàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó o wakọ̀ ní Faransé, ní Swítsálándì àti ní Ítálì. Síbẹ̀ ó lọ ra ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé, £5.50. Nígbà tó gbọ́ pé ti àdéhùn 1949 wà, ti 1968 náà sì wà, ó ra méjèèjì. Òfin Faransé ní kí aṣọ tó ń tàn yanran àti àmì onígun mẹ́ta wà nínú ọkọ̀. Ó ra aṣọ mẹ́fà fún èèyàn mẹ́rin, ó sì wọ tirẹ̀ jáde nílé. Ó ra ike tí wọ́n fi ń yẹ ọtí wò lẹ́nu awakọ̀, òfin tí àwọn Faransé fúnra wọn ti fagi lé láti 2020, òun tí kò mu ohun tó le ju mọ́ọ̀tì lọ láyé rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, "UK" ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ tó bá jáde, kì í ṣe "GB" mọ́. Ó lẹ̀ UK. Kò yọ GB. Ó wá fi àsíá Nàìjíríà sí àárín wọn, ó ní èèyàn ò mọ ẹni tó lè pàdé.

Sítíkà kan tún wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iná iwájú ọkọ̀ kó má baà máa gún ojú àwọn tó ń bọ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi bo iná kékeré kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná aláwọ̀ ọsàn tó ti ń kígbe láti oṣù Karùn-ún pé kí wọ́n wá yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ẹni tí mo fẹ́ bá jókòó. Kì í ṣe ewu ló ń múra dè. Ojú ló ń múra dè.

Ohun tó wá bá a jà ni owó ọ̀nà Swítsálándì. Ọkọ̀ tó bá máa gba òpópó márosẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní vignette, ogójì fráǹkì. Kò sí ti ọjọ́ kan, kò sí ti ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọdún ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá tó ṣáájú ọdún náà títí dé ìparí oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní in á san igba fráǹkì, á sì tún ra vignette ọ̀hún lé e. Láti 1985, sítíkà ni. Ní oṣù Kẹjọ 2023 wọ́n fi ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kún un: o máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ sílẹ̀, o máa sanwó, ó tán. Kò sí nǹkan lílẹ̀.

Dámọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí àwọn rà. Bàbá ní òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ibi àkọ́kọ́ tó ṣí kì í ṣe ti ìjọba rárá, alárinà kan ló fi èrè tirẹ̀ lé owó. Ọmọ náà pa á dé, ó ṣí ibi tó yẹ. Wọ́n béèrè orílẹ̀-èdè. Bọ̀dá, tó ti ń kọ fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú láti ọgbọ̀n ọdún, kò tilẹ̀ ka ìbéèrè náà dé ìdí. Ó yan Nàìjíríà.

"Dádì, ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ìlú yín."

"Ta ló ni ọkọ̀?"

Wọ́n yanjú ìyẹn. Ó kan nọ́ńbà. Ó tẹ òdo síbi tí lẹ́tà O yẹ kó wà. Lára àwo nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì, ìbejì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà wọn ò bára wọn tan, ẹni tó bá sì ṣì wọ́n tẹ̀ ti sanwó fún ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá ò gbà. Aago mọ́kànlá òru ni wọ́n jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ wo ìdí ọkọ̀, tí ọmọ ń ṣàlàyé pé lẹ́tà méjì ló ń ṣíwájú, nọ́ńbà méjì á tẹ̀ lé e, lẹ́tà mẹ́ta á wá kẹ́yìn, nítorí náà èyí tó wà ní ipò kejì kò lè jẹ́ òdo láéláé. Wọ́n padà wọlé, wọ́n sanwó.

"Pépà rẹ̀ dà?"

"Kò ní pépà. Nọ́ńbà wa ti wà lọ́dọ̀ wọn."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Nínú kọ̀ǹpútà wọn, Dádì."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló máa dá wa dúró lọ́nà ni?"

Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ló sọ, òun ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bọ̀dá tẹ lẹ́tà ìdánilójú náà jáde lọ́nà mẹ́rin, ó fi ike dì wọ́n, ó pín wọn fún wa bí ẹni pín sọ́ọ̀mù nílé ìsìn. Kí n má purọ́, èmi náà ya tèmi ní fọ́tò sínú fóònù, mo sì tún un wò lẹ́ẹ̀mẹta lóru yẹn.

Aago mẹ́ta àárọ̀ la gbéra. Ọ̀fẹ́ ni a gba afárá Dartford kọjá, nítorí wọn kì í gbowó níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀. Folkestone la wà, a tò sórí ìlà ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí Calais, kí Dámọ́lá tó rántí pé látìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, èèyàn ò lè gbé ẹran tàbí wàrà wọ ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ojú Ìyá Dámọ́lá lọ sára kúlà. Tòlótòló díndín odindi ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ méjì àti ike ìyẹtíwò, tòlótòló ni kò wádìí. A jẹ ẹ́ tán nínú ọkọ̀ níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìsọ̀rọ̀, Bọ̀dá nínú aṣọ tó ń tàn yanran, epo ń kán sí i láyà.

Ní Faransé, èmi di kọ́ńdọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni síárìn ọkọ̀ wa wà, ọwọ́ òsì sì ni ilé ìgbowó ọ̀nà wọn wà, nítorí náà ọwọ́ mi ni gbogbo owó ń gbà. Ó dùn mọ́ Bọ̀dá púpọ̀. Níbi tí a bá ti sanwó, wọ́n á fún wa ní rìsíìtì.

Ẹnu bodè Swítsálándì ní Basel ni gbogbo rẹ̀ ti yọ. Ọkùnrin oníbodè náà wo nọ́ńbà wa, ó juwọ́ pé ká máa lọ. Bọ̀dá ò lọ. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ike rẹ̀ tọ ọkùnrin náà lọ. Oníbodè ní òun ò nílò rẹ̀, ẹ ti sanwó. Bọ̀dá ní kó jọ̀ọ́ kó wò ó. Oníbodè wò ó. Ó dá a padà. Kò lu òǹtẹ̀ kankan sí i.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni mo wí.

"Àbúrò, ẹni yìí rí wa. Ẹni tó wà níwájú ńkọ́?"

Wọ́n ṣì ń ta sítíkà níbẹ̀, nítorí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì lé e lọ. Kí ìyàwó rẹ̀ tó pa ojú dé, Bọ̀dá ti ka ogójì fráǹkì mìíràn sílẹ̀. Ó nu gíláàsì, ó mí ooru ẹnu sí i, ó tún un nù, ó wá tẹ sítíkà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ pépà owó-orí 2014, ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kó mí kanlẹ̀ nìyẹn.

Ọgọ́rin fráǹkì, fún ọ̀nà tí kò tó 300 kìlómítà. Nígbà tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ dá wa dúró níwájú ihò Gotthard, tó gùn tó kìlómítà mẹ́tàdínlógún, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kánjú, bí a bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ náà ni owó wa ṣe ń wọlé padà.

Ìyàwó ṣe ìyàwó, a jẹ, a jó. Alẹ́ Sunday la padà dé, nǹkan bí aago mẹ́jọ, a gba ihò abẹ́ odò ní Dartford kọjá sí Essex. Ibẹ̀ náà, wọn ò lo ọ̀pá ìdènà àti ilé ìgbowó mọ́ láti oṣù Kọkànlá 2014. Kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà, awakọ̀ á wá san tirẹ̀ kí aago méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù. £2.50 ni nígbà náà, kó tó di £3.50 ní 2025. Ṣọ́ọ̀bù òpópónà ilé rẹ̀ ni Bọ̀dá ti máa ń san án, nítorí rìsíìtì. Ṣùgbọ́n oorun ló fi Monday sùn, kò sì sí ohunkóhun lójú ọ̀nà tó rán an létí.

Lẹ́tà ìtanràn dé: £70, tàbí £35 tó bá san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, yàtọ̀ sí owó ìkọjá gangan. Ó fi ike dì í. Ó wá tẹ̀ wọ́n láago lójú mi, ó ka nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sanwó láìjiyàn. Ọmọbìnrin tó wà lórí fóònù ní ó ti tán, ó bi í bóyá nǹkan mìíràn tún wà.

"Ó wà, ọmọ mi," ni Bọ̀dá wí. "Sítíkà rẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa fi ránṣẹ́?"