Bọ̀dá Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gba orí afárá Lẹ́kkí sí Ìkòyí kọjá láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí i: ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan bí awọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ gángan, akoto lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, dígí dúdú lójú. Afárá náà kò gùn tó kìlómítà kan ààbọ̀, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ wa yóò dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ya fọ́tò. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́, tàbí iléeṣẹ́ epo, tàbí kó jẹ́ lọ́yà. Bọ̀dá Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ìwàásù mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́: ká gun kẹ̀kẹ́, ká dáná nílé, ká jẹ níwọ̀nba, ayé á rọjú.

Ọdún 2023 ni ìwàásù náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróò tí kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ó ti lé ní 600. Gbogbo Èkó ń ṣe ìṣirò. Ẹlòmíràn gbé mọ́tò sílé, ó wọ dáńfó. Ẹlòmíràn ń fẹsẹ̀ rin ibùdókọ̀ méjì kó tó wọkọ̀. Ọ̀kadà tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́, ìjọba Èkó ti fòfin lé e kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní 2020, wọ́n tún fi àdúgbò kún un ní 2022. Bọ̀dá náà ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ó ní epo kò ní í rẹ́ òun jẹ. Ló bá ra kẹ̀kẹ́ kan láti òkè òkun, tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò tòkunbọ̀ fún dírẹ́bà rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í sùn níta. Ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́, níbi tí fọ́tò ìgbéyàwó wà tẹ́lẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń nù ún, ọmọ ọ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ fi nu tábìlì.

Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ilé ni kì í sùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà. Ìyàwó ń di oúnjẹ sínú kúlà. Dírẹ́bà ti fọ jíìpù, nítorí jíìpù ń bọ̀ lẹ́yìn. Àbí ta ni yóò gbé kóòtù? Ta ni yóò gbé bàtà, kọ̀ǹpútà, kúlà àti aṣọ ìnura? Bọ̀dá á bọ́ sí títì, jíìpù á tanná, á máa wọ́ tẹ̀lé e, àwọn onídáńfó á máa fọn fèrè, wọ́n á máa ṣépè fún dírẹ́bà tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Epo tí jíìpù ń mu nígbà tó ń wọ́ bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń mu nígbà tó ń sáré lọ. Mọ́tò àná náà ló ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ àná. Èrò ẹ̀yìn nìkan ló bọ́ sílẹ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa ń tú àṣírí. Kẹ̀kẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ yọ, jíìpù á há. Ọ̀gá á dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ní wàràwàrà, ṣùgbọ́n kò ní lè wọlé, torí itan ọ̀gá kì í ṣe ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì ń wò láàárọ̀. Á jókòó ti gáàdì lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì á jọ máa retí kóòtù.

Gáàdì náà ní kẹ̀kẹ́. Àjà ló ti ń gùn ún wá, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Tòkunbọ̀ ni, kò ní jíà, okùn rọ́bà ló sì so àga rẹ̀ ró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló ń ṣe. Owó ọkọ̀ ni kò sí. Ó wo kẹ̀kẹ́ Bọ̀dá yípo, ó fi ìtẹríba béèrè pé, "Ọ̀gá mi, ibo la ń di ẹrù mọ́ lára tiyín?"

Bọ̀dá ní irú èyí kì í gbẹ́rù.

"Háà," ni gáàdì wí. "Ó dáa, sà."

Ti ilé ìdáná wá ju ti títì lọ. Bọ̀dá ti búra pé oúnjẹ ṣákálá tí òun fọwọ́ ara òun sè ni òun yóò máa jẹ: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àmàlà díẹ̀. Ìbúra rere ni. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni èèpo ẹ̀pà Bọ̀dá ti wá, ó sì wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ lórí gáàsì. Ọ̀bẹ wá láti Japan. Ó ní òṣùwọ̀n tó fi ń wọn iyọ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì ní ọjà Oyíńgbò, ilé ìtajà tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni Bọ̀dá ti ń ra tirẹ̀, wọ́n ti já a, wọ́n ti dì í sínú ike, owó ìdì mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà lórí ìdì kan.

Bó bá di ọjọ́ tí yóò dáná, ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò ṣa ẹ̀wà. Òun náà ni yóò lọ ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, òun ni yóò ṣan irú kí yanrìn inú rẹ̀ lè lọ. Nígbà tí epo pupa bá gbóná tán, wọ́n á lọ pe ọ̀gá. Ọ̀gá á da ata sí i, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì, á yíjú sí kámẹ́rà. Ó ti sè é nìyẹn. Nídìí ọbẹ̀ ìkòkò kan ṣoṣo yìí, àwo tó dọ̀tí á kún síńkì. Lẹ́yìn oúnjẹ, á wá jókòó, á máa ṣàlàyé fún àlejò bí àwọn ìyá wa ṣe ń dáná láìsí wàhálà kankan.

Ìyá rẹ̀ gan-an wá kí i láti Oǹdó. Màmá rí ọmọ wọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n rí ẹ̀wà tí kò lẹ́ja, tí kò ní pọ̀nmọ́. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ó dùn, ọmọ mi. Ṣé iyọ̀ náà ti wọ́n l'Ékòó ni?" Nígbà tó dalẹ́, wọ́n pe ìyàwó sí kọ̀rọ̀, wọ́n tú etí ìró, wọ́n kówó lé e lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, má fi pa mọ́ fún mi. Ìgbà wo ni wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́?"

Ẹ má dá Màmá lẹ́bi. Láwọn ọdún 1950, nígbà tí kòkó ń mówó wọlé, Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham wà lára ohun tí àgbẹ̀ tó rọ́wọ́ mú ń kọ́kọ́ rà. Kẹ̀kẹ́ bàbá Màmá gbé àpò kòkó, ó gbé ìyàwó ròde ìnáwó, ó gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sí ọsibítù. Owó kòkó yẹn náà ni wọ́n fi rán àwọn ọmọ níwèé, kí ọmọ lè bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ kó wọnú mọ́tò. Ọmọ wá padà gun kẹ̀kẹ́, èyí tí kò tilẹ̀ lè gbé iṣu kan ṣoṣo. Kí ni Màmá ì bá tún rò?

Bí ẹ bá bi Bọ̀dá léèrè ibi tó ti kọ́ ọgbọ́n yìí, Amsterdam ni yóò wí, níbi tó ti lo ìsinmi ráńpẹ́. "Ẹ wo Mark Rutte! Olórí ìjọba Netherlands ni láti 2010 sí 2024, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́." Òótọ́ ni. Ohun tí Bọ̀dá kì í fi kún un ni pé kóòtù wà lọ́rùn Rutte lórí kẹ̀kẹ́ náà. Aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ jáde nílé ni àwọn èèyàn ibẹ̀ fi ń gùn ún. Ìyá àgbà á wọ gáúnù, á kó ewébẹ̀ àti búrẹ́dì sínú apẹ̀rẹ̀, á máa lọ. Wọn ò sì bá a bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láwọn ọdún 1960, mọ́tò ti ń gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mọ́tò ń pa ọmọ lójú títì, àwọn òbí tú síta láwọn ọdún 1970, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní 1973, epo wọ́n káàkiri ayé, ìjọba wọn sì fòfin de mọ́tò láwọn ọjọ́ Sunday kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn yẹn pààrọ̀ títì. Bọ̀dá pààrọ̀ ṣòkòtò.

Kì í ṣe pé kò sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní ẹ́sítéètì wọn. Òun ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì, pé kí oníbúrẹ́dì, bíríkìlà àti alágbàfọ̀ máa fi kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀ níta kí wọ́n tó wọlé, torí kẹ̀kẹ́ jákujàku ń ba ojú àdúgbò jẹ́. Nípàdé tó kọjá, ìyá kan dìde. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí akọ̀wé wa fúnra wọn ti fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ tó báyìí, ẹ ò rí i pé ó yẹ ká fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí àwọn ọmọ wa àti àwọn òṣìṣẹ́ lè máa gba ibẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ láìséwu? Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Bọ̀dá ṣí akoto lórí, ó dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyá náà dára, òun wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá, àmọ́ ohun gbogbo ló ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ títì fún kẹ̀kẹ́, ibo ni jíìpù òun yóò wá máa dúró sí?