Bàbá Atẹ̀gi

Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kì í béèrè kí ó tó mọ̀ pé òun ti dé Fìdítì. Ọsàn ni yóò kọ́kọ́ kí i. Àwọn obìnrin ti tò ó ní òkìtì òkìtì sétí títì, ìbẹ́pẹ lápá kan, ọ̀pẹ̀ òyìnbó lápá kejì, bí mọ́tò bá sì rọra lásán, wọ́n ti gbé igbá dé ojú fèrèsé. Ìlú tó mọ igi í tọ́jú ni. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, tàbí ní Ìlọrà tí kò jìnnà sí i, ni Bàbá Atẹ̀gi ń gbé, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní ohunkóhun nípa igi.

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó ti kọ́lé sí ìlú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀. Lọ́dún kan, ẹyẹlé ló ń sìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oyin. Ní báyìí, bonsai ni: igi tí wọ́n gbìn sínú abọ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń tẹ̀, títí yóò fi dà bí arúgbó igi orí òkè tí atẹ́gùn ti nà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè má ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Àwọn ará Ṣáínà ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ ọnà yìí, àwọn ará Jàpáànù ló fún un lórúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí: "bon" ni abọ́, "sai" ni gbígbìn. Bàbá yóò ti sọ èyí fún yín kí ẹ tó rí àga jókòó.

London ló ti kó o. Ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin wọn bímọ. Ìyá ń wẹ ọmọ, Bàbá ń wo ògiri. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn rí i pé ògiri náà fẹ́ sú u, ó ra juniper kékeré kan fún un, irú èyí tí wọ́n máa ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bonsai. Ìta gbangba ni juniper ń gbé, oòrùn ló ń jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi nínú òtútù lọ́dọọdún. Bàbá ṣàánú rẹ̀, ó gbé e wọ pálọ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Kò pẹ́ tí igi fi kú. Àmọ́ juniper ní àrékérekè kan: bó bá kú, ewé rẹ̀ lè ṣì tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó pọ́n. Bàbá ń bomi rin òkú. Ó ń kí i káàárọ̀, ó ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Fìdítì, ó sì wọ bàálù wálé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Títí dòní, bó bá béèrè igi rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ a ní, "Ó wà dáadáa, Dádì."

Ó délé, ó ní juniper náà lòun máa gbìn. Irú kan wà lórí àwọn òkè Kẹ́ńyà àti Ethiopia lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ni ibẹ̀, òtútù sì ń mú níbẹ̀. Ó ra hóró lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Hóró juniper kì í sábà hù bí kò bá kọ́kọ́ rí òtútù fún bí oṣù mẹ́ta, nítorí náà Bàbá fi bébà tútù wé e, ó tì í sínú fíríìjì láàárín ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja. Wọ́n ń mú iná lọ, wọ́n ń mú un wá. Ọyẹ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀rùn ogún wákàtí, lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyàwó rẹ̀ tún fíríìjì ṣe. "Mo rò pé ata tó ti bàjẹ́ ni, Bàbá Ìbejì."

Ló bá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí ọ̀nà, ó ra whistling pine, igi tó máa ń súfèé bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ, tí wọ́n gbìn sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé káàkiri ilẹ̀ yìí. Ní ti èyí, kò ṣìnà. Igi náà kì í ṣe páìnì gan-an, ilẹ̀ olóoru ló mọ̀, àwọn ará Taiwan àti Indonesia sì ń fi ṣe bonsai tó dára. Ibi tó ti ṣìnà ni ọ̀sán Sátidé tó fi tẹ̀ ẹ́.

Wáyà áluminíọ̀mù ni wọ́n ń lò, tàbí kọ́pà tí wọ́n ti fi iná bà kí ó lè dẹ̀. Ìnípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka lọ, dágẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ń wé e, kò gbọdọ̀ fún jù. Bàbá mú wáyà tí àwọn atẹrin fi ń di irin dẹ́kíńgì, ó wé e gbágbágbá bí ẹni ń di oògùn. Aládùúgbò rẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàbá àgbà tó ti ń lọ́ ọsàn láti ìgbà ọ̀dọ́: ó máa ń bẹ́ ojú ọsàn dídùn sínú èèpo igi lẹ́mọ́ọ̀nù, ó máa ń fi ọ̀rá wé e, kò sì ní í tú u títí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Àbúrò, rọra. Tẹ díẹ̀ lónìí, kí o fi ìyókù di oṣù tó ń bọ̀. Tàbí kí o kọ́kọ́ fi nǹkan wé èèpo rẹ̀."

"Ráfíà ni wọ́n fi ń wé e, ẹ̀yin bàbá. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi ni. Mo ti ra tèmi láti Amẹ́ríkà, ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Kí ló ń jẹ́ ráfíà?"

Bàbá fi fọ́tò hàn án lórí fóònù. Bàbá àgbà gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́ ọn. "Ìko nìyí."

"Rárá o, ti bonsai ni èyí."

Ọ̀gọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bó ìko lára rẹ̀ ń bẹ létí odò. Bàbá di igi mú, àtàǹpàkò méjèèjì níta, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páù.

Ẹni mìíràn ì bá dákẹ́. Bàbá fi ọ̀bẹ bó èèpo ibi tó kán, ó ní jin nìyẹn. Jin lóòótọ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀ka gbígbẹ tí wọ́n bó láti jẹ́ kí igi dà bí ẹni tí àrá ti sán rí. Níbi ìsọmọlórúkọ lọ́sẹ̀ kejì, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Jin ni mo ṣe sí i."

"Kí ló jìn, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀ka gbígbẹ ni. A ó bó o, yóò funfun bí eegun."

"Igi ìdáná nìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

Ó tún ní ìtàn kan tí kì í sú u, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni: páìnì funfun ìdílé Yamaki, tí wọ́n ti ń tọ́jú nínú abọ́ láti ọdún 1625. Igi náà wà ní Hiroshima nígbà tí bọ́ǹbù já síbẹ̀ ní August 6, 1945, kò kú. Nígbà tí Jàpáànù kó bonsai 53 fún Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976, ó wà lára wọn, ó sì wà ní Washington dòní. Ìran mélòó kan ló bomi rin ín. Bàbá a sọ̀rọ̀ sùúrù títí omijé a fi bọ́ lójú rẹ̀. Láàárín Àjíǹde àti Iléyá, ó ti yí páìnì tirẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ kan, ó pe ọmọkùnrin bíríkìlà kan wá sí ọgbà. Ọdán kan ti hù láti inú ibi tó lanu lára fẹ́ǹsì, níbi tí ẹyẹ ti yàgbẹ́ sí. Ó ti tó ọdún mélòó kan níbẹ̀, láìsí ilẹ̀, láìsí abọ́. Ara rẹ̀ rí wúruwùru, ìdí rẹ̀ sanra bí ọrùn ìgò, gbòǹgbò rẹ̀ di bíríkì mú bí ìka ọwọ́, gbogbo rẹ̀ kò sì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Irú ọdán wà lára igi tó máa ń gbọ́ràn jù sí ẹni tó bá ń kọ́ bonsai nílẹ̀ olóoru.

"Bàbá, ṣé kí n rọra yọ ọ́ ni?"

"Rọra kí ni? Yóò la fẹ́ǹsì. Gbẹ́ ẹ dànù."

Ọmọ náà gbé ṣísẹ́lì. Bàbá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó mú agolo omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ páìnì rẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé. Ó ṣì tútù.