Kóòṣì Ó-Ku-Méjì

Ẹ ò ní wá a tì. Ẹ sáà dé pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Súrùlérè láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ láti ẹnu géètì. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mọ́ ọn lára débi pé ẹ lè ka iṣan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dígí dúdú sì wà lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀: ìyá tó ń ta léèsì ní Balógun, akọ̀wé báńkì tí ìjókòó ọ́fíìsì ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, bàbá tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọge tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà tí aṣọ tó ti rà kò sì tíì gbà á.

"Mẹ́jọ! Mẹ́sàn-án! Ó ku méjì!"

Wọ́n lóṣòó, wọ́n dìde, lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ku méjì!"

Wọ́n tún lóṣòó, wọ́n tún dìde.

"Mọ́mì, ẹ lọ sílẹ̀ dáadáa, mò ń wò yín o! Dádì, ẹ ò gbọdọ̀ jókòó! Ó ku méjì!"

Méjì Kóòṣì kì í tán. Bí aláta bá ka ṣẹ́ńjì báyìí fún oníbàárà ní Mile 12, ọlọ́pàá ló máa bá wọn parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ohun tó ń kọ́ wọn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó lọ sílé ìwé ní Nàìjíríà. Fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, píkì pínì, kí á kúnlẹ̀ kí á na ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo rẹ̀ ni tíṣà ti ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí a bá pẹ́ dé àsẹ́ńbìlì. Ìyà ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Nísinsìnyí, owó ọwọ́ ẹni lèèyàn fi ń rà á, ó sì tún gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun gbádùn rẹ̀.

Báwo ni Kóòṣì ṣe di kóòṣì? Ìtàn náà kì í gùn. Ó ń lọ gbé irin ní jíìmù àdúgbò, apá rẹ̀ tóbi, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Lọ́jọ́ tí ẹni kejì bi í, ó lọ tẹ káàdì. Àwọn àgbà gan-an ló bá a polówó ọjà, wọ́n ní ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á wò. Àwọn oníbàárà wo ọrùn, wọ́n wo àyà, wọ́n wo ikùn tó pín sí mẹ́fà, wọ́n mú owó jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló rán aṣọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Kò tíì bímọ, kò tíì jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland láti ibi iṣẹ́ dé ilé fún ogún ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì tíì ké kẹ̀ù rí. Ara tí Ọlọ́run àti ọjọ́ orí fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà fún ìyá ẹni àádọ́ta ọdún.

Bí ara tirẹ̀ kò bá tó láti fi fa ojú ọjà mọ́ra, àwòrán wà. Tòsì, tọ̀tún. Ní tòsì, oníbàárà tẹ̀ kọ̀ọ́, iná ilé náà ṣókùnkùn, ikùn yọ síwájú, ojú rẹ̀ dà bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ní tọ̀tún, ó ti fi òróró para, ó na èjìká, ó fa ikùn wọnú, ẹ̀rín dé. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo aago tó wà lára ògiri nínú àwòrán méjèèjì. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fi jì í. Ariwo, dígí dúdú, òróró, ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ni. Ohun tí n kò lè fi jì í ni pé ojú rẹ̀ kì í sí níbi iṣẹ́.

Ẹ wo ìyá oníléèsì yẹn bó ṣe ń lóṣòó. Gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ló fi dúró. Orúnkún rẹ̀ ń wọnú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó di èémí mú, ó di eyín pọ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú báàgì tó gbé kọ́ ara irin lẹ́bàá ibẹ̀. Ẹni tó bá sì di èémí mú bó ti ń fi tipátipá dìde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fò sókè lójijì. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló nílò. "Mọ́mì, ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ti orúnkún síta díẹ̀. Bí ẹ bá ń dìde, ẹ mí síta." Ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ń wò ó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Kóòṣì ti kẹ̀yìn sí i. Ó gbé fóònù ti ìgò omi, ó lóṣòó (tirẹ̀ dára, mo jẹ́rìí sí i), ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti tọ́, kí àwọn èrò ẹ̀yìn lè hàn nínú fídíò láìbo èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mò ń wò yín o!" Fóònù ló ń wò. "Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ ń gbádùn!" Lọ́dọ̀ Kóòṣì, àṣẹ ni ìgbádùn.

Ìwé ìbéèrè kan wà fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, tó ti Kánádà wá ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, PAR-Q ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè méje ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn. Ṣé dókítà ti sọ fún yín rí pé ọkàn yín ní àrùn? Ṣé àyà máa ń dùn yín bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ agbára? Ṣé òòyì máa ń kọ́ yín? Ṣé eegun tàbí oríkèé kan wà tó ń yọ yín lẹ́nu? Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Kí omi kan tó hó, èèyàn ti dáhùn rẹ̀ tán. Ti Kóòṣì wa kò tó méje. Méjì ni: kílò mélòó lẹ fẹ́ jù nù, ṣé tíránsífà ni àbí káàṣì? Ní Amẹ́ríkà, àjọ American College of Sports Medicine, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, kì í fún èèyàn níwèé ẹ̀rí kóòṣì bí kò bá kọ́kọ́ fi hàn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, píọ̀ wọ́tà ni wọn á dà sí i lórí, àwọn kan á ké pe Jésù, àwọn kan á ké pe Ọlọ́hun, Kóòṣì á sì ní kí wọ́n má ya ibẹ̀ sí fídíò.

Bí eré bá parí, ọjà bẹ̀rẹ̀. Búùtù ọkọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Tíì tó ń fa ikùn wọlé wà níbẹ̀. Ẹ yí páálí irú tíì bẹ́ẹ̀ wò dáadáa, ẹ ó rí sẹ́nà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ewé tó ń ṣínú. Lóòótọ́, òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kílò náà sùn sí, ọ̀rá ikùn ṣì wà láyè rẹ̀. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń wé mọ́ ikùn kí òógùn lè yọ náà wà níbẹ̀. Omi ni òógùn, bí ẹ bá ti mu omi délé, ó ti padà. Ìwé oúnjẹ sì wà, tí ó kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìyí ohunkóhun padà: broccoli, salmon, ewé kale. Ẹ lọ béèrè broccoli lọ́wọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní ọjà Mushin, kí ẹ wo bó ṣe máa wò yín. Ẹ̀wà kò sí nínú ìwé náà, mọ́ínmọ́ín kò sí, ẹyin àti ẹja tútù tí a ń rà lọ́jà kò sí, bẹ́ẹ̀ nínú wọn ni púrótéènì tó ń tà nínú ike ńlá yẹn wà.

Kóòṣì tún ní sáyẹ́ǹsì lẹ́nu. "Sáyẹ́ǹsì sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀ lójúmọ́!" Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Iléeṣẹ́ kan ní Japan ló gbé ẹ̀rọ ìkaṣísẹ̀ jáde ní 1965, nígbà tí ìtara Olympics Tokyo ọdún 1964 ṣì gbóná, ó sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sínú orúkọ ọjà rẹ̀, Manpo-kei. Láti orí páálí ló ti bọ́ sẹ́nu Kóòṣì. (Ní Tokyo 1964 yẹn kan náà ni Nojim Maiyegun ti fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gba idẹ, àmì ẹ̀yẹ Olympics àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ń ka ìṣísẹ̀ fún un.) Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 rọrùn jùyẹn lọ: kí àgbàlagbà ṣe ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára lọ́jọ́ méjì, ó kéré tán. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà lára rẹ̀. Kóòṣì kì í mẹ́nu bà á, nítorí kò rí nǹkan kan jẹ nínú kí Mọ́mì fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà.

Ṣùgbọ́n kí n má di gbogbo ẹrù náà ru Kóòṣì nìkan. Àwa la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí kò bá ké "yéè" bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó lọ́jọ́ Mọ́ńdè á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹ rán an sí kóòṣì tó ní kó tètè máa sùn, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irin kékeré, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, á ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ò mọṣẹ́. Ìyá oníléèsì fúnra rẹ̀ ń retí kí fídíò jáde, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Balógun lè rí i. Ọmọge tí ń ṣègbéyàwó kò fẹ́ ara líle, síìpù ló fẹ́ kó pa dé. Ní Jánúárì, kò síbi tí a máa fẹsẹ̀ lé ní jíìmù. Kó tó di Ọdún Àjíǹde, àwọn irin ti ń dá nìkan sùn. Kóòṣì mọ̀ wá. Ìdí tó fi ń gba owó oṣù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Irú kóòṣì kejì wà o, ṣùgbọ́n kì í tètè hàn síni. Ẹ ó rí i lápá ibi tí ariwo ò dé, lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ikùn tirẹ̀ gan-an yọ díẹ̀. Ìwé kékeré kan tí etí rẹ̀ ti ká ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kọ iye kílò tí oníkálukú gbé, iye ìgbà, ibi tó dùn wọ́n. "Ẹ káàárọ̀, mà. Orúnkún ńkọ́? Ṣé ẹ rí oorun sùn?" Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn yí pápá po, ẹ ó sì rò pé òfófó ló ń ṣe. Iṣẹ́ ló ń ṣe: ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí èémí rẹ̀ ò gba orin mọ́, ibi tó yẹ kó wà gẹ́ẹ́ ló wà, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń já mọ́ lẹ́nu, kó rọra. Ó ti béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n tó dàgbà. Àlàájà kan ní ijó ni, ó bá fi orin Pasuma sí i, Àlàájà rẹ ara sílẹ̀, ó fi orúnkún jó lọ sọ́tùn-ún, ó jó wá sósì, kò mọ̀ pé ìlóṣòó lòun ń ṣe. Bàbá kan ní òun kórìíra irin, tẹ́bùù tẹ́nìsì ni ti òun. Ó wá ẹni tó máa gbá a pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀yọ pọ́ìǹtì kan. Wọ́n ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ wọn. Bí ọkùnrin yìí bá sì ní ó ku méjì, méjì ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ máa wá kóòṣì ní Jánúárì tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má san ti oṣù mẹ́ta. Ẹ san ti ọjọ́ kan. Ẹ lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níwájú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìrìn yẹn wà lára 150 ìṣẹ́jú yín.