Ọ̀rẹ́ Dókítà Copeland

Ẹ sún mọ́ bí, kí n tètè sọ ọ́ kí màmá òkè yẹn tó sọ̀ kalẹ̀, torí tó bá dé, kò sẹ́ni tó tún máa rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan tán ni, The Heart Is a Lonely Hunter. Carson McCullers ló kọ ọ́, ọmọ òyìnbó, ará Columbus ní Georgia wa níbí. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó jáde ní 1940. Ọmọ ọdún 23 o! Tèmi tó wà nílé ṣì ń ní kí n bá òun fọ ṣòkòtò.

Odò kan náà ló so wá pọ̀ mọ́ Columbus ọ̀hún. Chattahoochee tí wọ́n sé ní Buford Dam, tó di adágún Lanier tí ẹ ti ń sun súyà, òun ló ń ṣàn gba Atlanta dé ìlú obìnrin yìí. Àbí ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lódìkejì adágún náà, ní Forsyth? Ní 1912, wọ́n lé àwa dúdú tó lé ní 1,000 kúrò níbẹ̀, tilé toko. Nígbà tí Oprah gbé kámẹ́rà dé ibẹ̀ ní 1987, àwọn kan ṣì là á mọ́ ọn lójú pé àwọn ò fẹ́ dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wálé rà ní Cumming, ní Forsyth yẹn náà, báyìí, ẹ kú ìgboyà.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, Dókítà Copeland inú ìwé náà. Dúdú ni, ó kàwé bí ẹní máa kú, kò sì gba òyìnbó kankan gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, òyìnbó kan tó dití, tí kì í sọ̀rọ̀, Singer lorúkọ ẹ̀, bá a ṣáná sí sìgá, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ó tán! Dókítà ti rí ọ̀rẹ́.

Wọ́n ju Willie ọmọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n, wọ́n tì í mọ́ yàrá tó tutù bíi yìnyín, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ títí wọ́n fi gé méjèèjì. Bàbá lọ wá adájọ́ ní kọ́ọ̀tù. Wọ́n lu bàbá, wọ́n ti òun náà mọ́lé.

Àwọn kan ní ìwé ọ̀rẹ́ dúdú àti funfun nìyí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n òyìnbó kan ṣoṣo tí dókítà fọkàn tán, òun náà ni kò lè já a níyàn! Tòun tọmọ onílé Singer tọ̀mùtí kan ló ń wá rojọ́ fún Singer, oníkálukú ní ọ̀rọ̀ òun yé e. Irọ́ ni, kò yé e. Kò sì sẹ́ni tó bi í pé, “Ìwọ ńkọ́?” Nígbà tí ọ̀rẹ́ tirẹ̀, Antonapoulos, kú, ó yìnbọn pa ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì dà rú mọ́ gbogbo wọn lójú.

Dókítà ńkọ́? Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú un, ni wọ́n bá gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìbaaka ń fà, ó di oko àna. Ọkùnrin tó ń ka Spinoza! Ó ń bínú lọ lójú ọ̀nà ni, orúkọ tí ìbaaka yẹn sì ń jẹ́ ni Lee Jackson, orúkọ àwọn ọ̀gágun tó jagun kí ẹrú má bàa gbòmìnira.