Òkété Cambridge

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bímọ, tó tọ́ wọn, tó rán wọn níwèé, tí agbára rẹ̀ wá pin, kò sí ìtìjú fún un bí ọmọ bá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò rí òkété tí wọ́n dì mú, tí wọ́n ń fi tipátipá ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí wọ́n sì tún ń ya fọ́tò rẹ̀ kí aráyé lè rí i pé ó ti padà di ọ̀dọ́. Irú òkété bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. BBC Micro lorúkọ rẹ̀.

Ìlú Cambridge ni ilé-iṣẹ́ Acorn ti ṣe é. Oṣù Kejìlá ọdún 1981 ló jáde, nígbà tí BBC ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò fi kọ́ ará ìlú ní ìmọ̀ tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n. Pọ́ùn 335 ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé Model B, kò sì pẹ́ tó fi di 399. Ohun tí owó yẹn rà ni ọpọlọ 6502 tó ń sáré ní MHz 2, mẹ́mọ́rì KB 32, kíbọ́ọ̀dù gidi, àti ariwo méjì tó máa ń ké tí wọ́n bá tàn án, ọ̀kan ní ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní ohùn òkè. Ìjọba bá àwọn ilé-ìwé san ìdajì owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀. Ọmọ ilé-ìwé tó jókòó sídìí rẹ̀ nígbà náà ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, owó sì ti dé ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òkété yìí bímọ lóòótọ́. Nígbà tí Sophie Wilson àti Steve Furber ń ṣe ọpọlọ tuntun fún Acorn, orí BBC Micro ni Wilson ti fi èdè BBC BASIC dán ìlànà rẹ̀ wò kí chip kankan tó wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1985, chip ARM àkọ́kọ́ dé, BBC Micro náà ni wọ́n sì so ó mọ́ láti mọ̀ bóyá ó yè. Ó yè, ó sì di agbo ilé ńlá. Fóònù tó wà lápò ẹni tó ń ka èyí, ì báà jẹ́ Android tàbí iPhone, ìlànà ARM ni ọpọlọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà ni Raspberry Pi, tó jáde ní Cambridge kan náà ní oṣù Kejì ọdún 2012. Kò sẹ́ ìran rẹ̀: Model A àti Model B ni wọ́n sọ ọ́, bí orúkọ BBC Micro gan-an. Òun, tí kò tóbi ju káàdì ATM lọ, ni wọ́n wá gbé padà sídìí àgbà pé kó ṣí ọmú sílẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ náà bọ́gbọ́n mu. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú ètò sí láyé ọjọ́un. Géèmù KB 20 lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó wọlé tán, bí téèpù bá sì họ níbì kan, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀. Díìsìkì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n díìsìkì tó ti lo ogójì ọdún ti ń hu, ẹ̀rọ tó ń kà á náà ti ń gbó. Káàdì SD ló wá gba ipò àwọn méjèèjì. Fáìlì kan ṣoṣo lórí rẹ̀, BEEB.MMB, ń gba ẹ̀dà díìsìkì 511. Ẹni tó bá dojú BBC Micro délẹ̀ yóò rí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tó tò sábẹ́ rẹ̀ níwájú: ti díìsìkì, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, user port, 1 MHz bus, Tube. User port ni wọ́n ń ki okùn káàdì náà bọ̀. Lẹ́yìn náà, di Shift mú, tẹ Break, géèmù dé. Ta ni yóò bá ẹni tó ṣe èyí wí?

Àmọ́ ọ̀fun àgbà kò fẹ̀. Káàdì GB 32 tó wà nígboro báyìí fi ìlọ́po mílíọ̀nù kan ju mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ yìí lọ, síbẹ̀ DFS, ètò Acorn tó ń darí díìsìkì, kò gbà ju fáìlì 31 lọ lójú díìsìkì kan, orúkọ fáìlì kò sì gbọdọ̀ kọjá lẹ́tà méje. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé BBC Micro tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì nìkan láàyè nínú ju èyí tó ní díìsìkì lọ. Bí DFS bá ti wọlé, KB 2.75 ti lọ nínú 32 fún iṣẹ́ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán tó gún régé jù ti kó 20 lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn géèmù kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti orí kásẹ́ẹ̀tì kò ní ráyè jókòó mọ́. So ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì mọ́ ọn, yóò tún bu díẹ̀ sí i. Bí oúnjẹ ṣe ń pọ̀ ni ikùn ń kéré. Oògùn rẹ̀ ni kéèyàn tún lọ ra àfikún mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní sideways RAM, kí ètò káàdì náà lè ríbi ká ẹsẹ̀ sí. Ẹni tó ní káàdì lásán lòun fẹ́ rà ti wá di ẹni tó ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, tó ń wá òjé àti ayọ́jé kiri.

Ká wá bọ́ sórí ọmú gangan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni Raspberry Pi Zero jáde, dọ́là márùn-ún péré. Wọ́n tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èèpo ìwé ìròyìn MagPi, nọ́ńbà 40, fún àwọn tó bá ra ìwé náà. GHz 1 ni eré rẹ̀, ìyẹn ìlọ́po 500 ti BBC Micro. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ MB 512, ìyẹn ìlọ́po 16,384. Ohun tí wọ́n fi tọrẹ pẹ̀lú ìwé ìròyìn yìí ni wọ́n ń so mọ́ Tube, ihò tí Acorn dá sábẹ́ ẹ̀rọ náà fún ọpọlọ kejì. Ètò tí wọ́n ń pè ní PiTubeDirect yóò wá mú kí Pi ṣe bí ẹni pé òun ni 6502 mìíràn, tàbí Z80, tàbí ARM àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ọmọ-ọmọ ń díbọ́n pé òun ni baba òun, kí baba àgbà lè rí nǹkan mu. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ BBC Micro kò ju kó gba ohun tí wọ́n tẹ̀, kó sì fi èsì hàn lójú amóhùnmáwòrán. Olówó rẹ̀ á sì sọ fún àlejò pé ẹ̀rọ òun ṣì le koko.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo agbára yìí ṣe? Géèmù Elite ni wọ́n fi ń ṣeré. Ọdún 1984 ni David Braben àti Ian Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ṣe géèmù yẹn fún KB 32 yìí kan náà. Wọ́n fọgbọ́n orí ki ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́jọ sínú rẹ̀, ayé 256 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìtọrọ ọmú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Braben yìí náà sì wà lára àwọn tó dá àjọ Raspberry Pi sílẹ̀.

Ọmú pàápàá máa ń gbẹ: ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbára lé lónìí lè di àwátì lọ́la. Ní ọdún 1986, BBC kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ọmọ ilé-ìwé, láti ṣe ìrántí Domesday Book, ìwé tí Ọba William fi ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1086. Orí díìsìkì laser ni wọ́n kó o sí, ẹ̀rọ Philips ló ń kà á, BBC Master, àbúrò BBC Micro, ló sì ń darí rẹ̀. Kò sí ìpamọ́ tó tún ga jù ú lọ nígbà náà. Kò tó ogún ọdún tí ẹ̀rọ tó lè kà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí láti Leeds àti Michigan ní láti kọ ètò tó ń sín ẹ̀rọ náà jẹ kí wọ́n tó rí inú rẹ̀. Ìwé ọdún 1086, tí wọ́n fi yíǹkì kọ sórí awọ ẹran, wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew títí dòní, ẹni tó bá gbọ́ Látìn á kà á.

Láàárín gbogbo ìnáwó lórí káàdì àti Pi yìí, àwọn kan ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú àpótí iná BBC Micro ni kàpásítọ̀ RIFA kan wà, ike aláwọ̀ bí oyin tí ojú ń rí inú rẹ̀ gààràgà. Ẹ gbé e sún mọ́ iná: ẹ ó rí i tó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ káàkiri. Ibi sísán yẹn ni ọ̀rinrin ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ọdún pípẹ́, kàpásítọ̀ á bú, èéfín á kún yàrá, òórùn rẹ̀ kò ní tètè kúrò lára kọ́tìn-ìn. Owó tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa ya fọ́tò kàpásítọ̀?

Nẹ́tíwọ̀kì ló kù. Acorn ti ní tirẹ̀ láyé ọjọ́un, Econet, tó jẹ́ kí odidi kíláàsì lè pín ẹ̀rọ díìsìkì kan lò nígbà tí díìsìkì ṣì wọ́n. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 1 dé 254. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kò pẹ́ mọ ọ̀nà ìjàngbọ̀n: wọ́n ń fi *NOTIFY ju ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, wọ́n ń fi *VIEW yọjú wo ohun tí ó ń ṣe, ẹni tó bá gbọ́n á tẹ *PROT láti ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Lóde òní, pátákó kan wà tí wọ́n ń gbé sórí Raspberry Pi, tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Econet àti íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì tún ń ṣe olùtọ́jú fáìlì. Ẹ̀rọ ọdún 1981 lè tipa bẹ́ẹ̀ gba fáìlì láti ìlú mìíràn. Kí ó wá ṣe kí ni pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, nítorí fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù kò lè wọ KB 32.

Econet kò sì dùn fún ẹyọ kan. Ẹni tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò rí i pé kò sẹ́ni tí yóò bá sọ̀rọ̀, yóò sì lọ ra BBC Micro kejì. Á so okùn láàárín àwọn méjèèjì, á jókòó sídìí àkọ́kọ́, á fi *NOTIFY kọ ọ̀rọ̀ ìkíni ránṣẹ́, á dìde, á rìn lọ sí apá kejì yàrá láti lọ kà á. Lẹ́yìn náà á tẹ *PROT, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.